Ẹ Má Gba Kọ́kọ́rọ́ Ilé Gàrí Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Ẹ kú ulé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ níwájú yín láti òkè òkun, eékún méjèèjì ló kan ilẹ̀. Mo kí Bàbá mi, mo sì ń retí pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa bá wọn wá awò ojú wọn kiri. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dípọ̀, tí kò jẹ́ kí n wà nínú àìmọ̀. Mo kí Ìyá Àgbà, kí wọ́n má gbàgbé láti fi òrí pa orúnkún wọn. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ ń yan gàrí ní Ìkòrò, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ibòmíràn bí wọ́n bá ń kọjá.

Nítorí ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí ní gbangba. Mo ti bẹ Bọ̀dá Dípọ̀ pé kí wọ́n gbé e sí ojú ìwé ẹgbẹ́ ọmọ Ìkòrò lórí fóònù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé gàrí kí ìpàdé ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi, gbangba náà ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

Inú ń bí mi, Màmá. Ẹ kọ́ mi pé ọmọdé kì í gbé ìbínú síwájú ìkíni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Mo ti kí yín tán.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá mo pè yín lẹ́yìn ìsìn. Mo béèrè ọjà. Ẹ ní ulé dára, ọjà dára, ohun tí mo ṣe sórí fóònù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ béèrè bóyá òtútù ti rọlẹ̀ níbí, mo ní ó ti rọlẹ̀. Irọ́ ni. Omi tó wà nínú ọpọ́n tí ẹyẹ fi ń mu omi níwájú ilé tí mò ń gbé ti di òkúta láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì sùn. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi kò ju ọ̀rọ̀ òtútù lọ. Tiyín ni ó ká mi lára jù, ẹ forí jì mí pé mo pè é ní irọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bọ̀dá Dípọ̀ pè mí. Wọ́n ní òní ni ọjà Arámọ̀kọ́, ìyá wa sì jókòó sílé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú. Mo ní ṣé ara wọn kò yá ni. Wọ́n ní ara wọn yá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tú gbogbo rẹ̀ fún mi, àti bí ẹ ṣe ní kí wọ́n má sọ ọ́ létí mi nítorí pé ìdánwò ń bẹ níwájú mi.

Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata gbogbo ẹgbẹ́ jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé gàrí. Ẹ ti fi ìka yín kà á, ẹ sì mọ̀ pé òní lọjà. Ẹ pe Wàsíù awakọ̀ ní Ìlogbò, Wàsíù ní fóònù òun sọ pé ọ̀la ni. Ìyá Bọ́lájí ní kí wọ́n má bá òun sọ̀rọ̀ fóònù, pé òun ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń lọ sí Arámọ̀kọ́ láti ìdájí. Àwọn ìyá yòókù ń wo ojú yín. Ẹ̀yin sì ni ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé bóyá ààfin ló sún ọjà síwájú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn, pé fóònù yóò ti gbọ́ ṣáájú wa. Ẹ ní:

"Ọmọ mi ló ṣe é. Ọmọ mi kò ní tàn wá."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Bọ̀dá Dípọ̀, mo sì gbé fóònù sílẹ̀ lórí ibùsùn, mi ò lè gbé e sétí mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Àbámẹ́ta, Wàsíù gbé yín dé Arámọ̀kọ́. Ewúrẹ́ ló wà lábẹ́ àwọn àtíbàbà. Obìnrin kan ń gbá ilẹ̀, ó ní ọjà ti tú lánàá. Ata ti rọ̀ lábẹ́ tapólì, àgbagbà tí ẹ ti dúró dè kí ó pọ́n dé ojú ẹ̀ ti kọjá ojú ẹ̀. Wàsíù kò gba owó ọkọ̀ àbọ̀ lọ́wọ́ yín, Ọlọ́run yóò ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkòrò, Ìyá Bọ́lájí dúró láàárín èrò, wọ́n béèrè pé, "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ọjà dà? Ṣé inú fóònù ni wọ́n ná an sí?" Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọmọ kéékèèké ti sọ yín ní Ìyá Ọjà Àná. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wá ní kọ́kọ́rọ́ ilé gàrí kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọjọ́ ọjà mọ́. Ọ̀la, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí bá ti dé láti Jímọ̀, ni wọn yóò jókòó lórí rẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń dún létí ìró yín. Òun ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ ti ń bọ̀ kí n tó rí ojú yín. Ẹ kò bá ẹnikẹ́ni du ú. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ náà ni wọ́n so ó mọ́ yín láṣọ nígbà tí ìyá tó mú un tẹ́lẹ̀ papò dà. Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí ilẹ̀kùn ní ìdájí, ẹ̀yin lẹ máa ń tì í. Wọ́n fẹ́ gbà á nítorí tèmi.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe jẹ́, kí ẹni tó ń ka ìwé yìí lára ògiri lè dá ẹjọ́ tó tọ́.

Ní ilé ẹ̀kọ́ mi, wọ́n pín àwa ọlọ́dún àkọ́kọ́ ní mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe áàpù kan fún àwọn ènìyàn gidi tí yóò lò ó. Nínú ọ̀wọ́ tèmi, Dáníẹ́lì ni olórí. Ọmọ ìlú yìí ni, ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré láti ìgbà tí kò tíì lè so okùn bàtà. Àwọn méjì yòókù máa ń gbà pẹ̀lú ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tún gbólóhùn kan sọ nínú ọkàn mi kí n tó lè là á sí wọn létí. Mo ní nílé wa, awakọ̀ kan ṣoṣo ló ń kó ẹrù fún obìnrin ìlú púpọ̀, ọjà Ìjerò kò bá ti Ẹfọ̀n mu, ti Ẹfọ̀n kò bá ti Arámọ̀kọ́ mu, Wàsíù sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá á dúró ti ẹrù létí ọ̀nà láti ìgbà tí àkùkọ kọ, awakọ̀ á ti gba Ẹfọ̀n lọ. Mo ní kí a ṣe ohun tí yóò máa bá a ka ọjọ́, tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjà. Ẹnu yà mí pé wọ́n gbà.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti fi ìlà kan péré kún un, ẹ̀rọ kan wà tó máa gba gbogbo iṣẹ́ náà, á tò ó pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Àwa fúnra wa la kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn tó yẹ. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ̀rọ á fi àwọ̀ pupa hàn, iṣẹ́ kò sì ní kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, á fi àwọ̀ ewé hàn. Ẹlòmíràn nínú ọ̀wọ́ á wá tẹ bọ́tìnì pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì gbà. Lójú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun náà á ti bọ́ sórí fóònù Wàsíù, ti Bọ̀dá Dípọ̀ àti tiyín. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe lójoojúmọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́.

Ilé gàrí wa náà ni, Màmá. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ kì í gbé èyí tó ti rà fún ẹni tó ń rin ín. Ohun tí kò bá gba ojú ajọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú agbada. Mo rántí ọjọ́ tí mo fi ìka ti ojú ajọ̀ kí iṣẹ́ lè yá, tí ó fẹ̀, tí ẹ gbá mi lọ́wọ́. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ ojú ajọ̀ kò jọ̀ gàrí rárá, ó kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo kọ fún ẹ̀rọ ni ti ọjà Arámọ̀kọ́. Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí ẹ ń pọ̀n mí lọ síbẹ̀. Àtàǹpàkò ni òní. Ibi tí ọmọńdinrín bá bọ́ sí, ibẹ̀ lọjà wà. Bí ọjà bá wà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè ni àtàǹpàkò, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ọmọńdinrín di Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Òní náà wà nínú kíkà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ áàpù náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ka ọjà mẹ́ta tí kò ṣì. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí. Wàsíù kò pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Bọ́lájí fúnra wọn bẹ Bọ̀dá Dípọ̀ pé kí wọ́n bá àwọn gbé e sórí fóònù tiwọn.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ku ọjọ́ kan kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́. Dáníẹ́lì ní ibi tí mo kọ kò mọ́ tó, òun fẹ́ tún un kọ. Ó tún un kọ. Ẹ̀rọ fi pupa hàn. Ó pè mí wá sídìí kọ̀ǹpútà, ó ní ìbéèrè mi ló ní àṣìṣe. Ó ṣí ìwé tí mo kọ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí i: ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà. Ó ní bí a bá fi márùn-ún lé ọjọ́ Mọ́ńdè, Àbámẹ́ta ló máa jẹ́. Ó ní ìṣirò lásán ni, kò sí nǹkan àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ló kọ ìwé náà lóòótọ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni mo ṣe kọ ọ́, kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan wà láyé tó ń ka ọjọ́ láti ọ̀la.

Mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á níbẹ̀, torí ojú ń tì mí kí wọ́n má rí i pé mo ń fi ìka ka nǹkan ní yunifásítì. Ó di Ẹtì. Mo tún un kà, ó tún di Ẹtì. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, mo rí ìdánilójú lójú Dáníẹ́lì, mo sì rò pé bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rí. Bóyá ohun tí mo mọ̀ nílé kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ẹ̀rù yẹn kì í tán lára mi níbí. Gbogbo ilé ló dáwó kí n lè wá, nígbà tí mo bá sì jókòó láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan máa tó béèrè ta ló ní kí n wọlé.

Dáníẹ́lì pa ìdáhùn Ẹtì rẹ́, ó fi Àbámẹ́ta sí i. Àwọ̀ ewé yọ. Ó ní kí n bá òun tẹ ìyọ̀ǹda.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ìyá ní Ìkòrò, ìka mi ló tẹ̀ ẹ́. Ó rọrùn fún mi láti bínú sí Dáníẹ́lì, mo sì ń bínú sí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwa méjèèjì la jọ fẹ ojú ajọ̀, tí a wá ń yọ̀ pé gàrí kúnná. Kò sí ẹnì kan nínú àwa mẹ́rin tó rò ó pé kí a pe Ìkòrò. Fóònù wà lápò gbogbo wa.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ fún wa ní máàkì tó dára, ó ní iṣẹ́ wa mọ́, gbogbo ìdánwò rẹ̀ pé. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Àgbagbà yín ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Lẹ́yìn tí Bọ̀dá Dípọ̀ pè mí, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹ̀kọ́, mo sì ń kà á lórí ìka mi ní gbangba. Obìnrin tó jókòó tì mí sún díẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rántí ìkómọ. Ọjọ́ Àìkú la bí mi, ọjọ́ Àìkú kejì la sì sọ mí ní Abọ́sẹ̀dé, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Bí ó bá jẹ́ ti Dáníẹ́lì, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọn ì bá sọ mí lórúkọ, àlejò á ti lọ sílé. Irú àpẹẹrẹ báyìí, kí ló dé tí kò wá sí mi lẹ́nu ní Ọjọ́rú? Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti dànù tán ni mo máa ń rántí ibi tí ìdérí wà.

Mo dé ìdí kọ̀ǹpútà, mo dá ìbéèrè mi padà sí Ẹtì. Pupa. Dáníẹ́lì kọ̀wé sí mi pé ta ló ń ba iṣẹ́ tí wọ́n ti fún ní máàkì jẹ́. Ó yí i padà, àwọ̀ ewé. Mo tún un yí, pupa. Láti Ìṣẹ́gun náà títí di ọ̀sán Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á. Kò sì gbé fóònù mi.

Lónìí, Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ wa, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun pátápátá, béèrè níwájú gbogbo kíláàsì pé kí ló dé tí iṣẹ́ tó pé ní Mọ́ńdè fi di pupa. Dáníẹ́lì dáhùn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe áàpù náà. Ó ní ìyá Abọ́sẹ̀dé ló ṣi ọjọ́ kà.

Màmá, ẹ mọ̀ mí. Mi ò ní ẹnu. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní láti tì mí kí n tó dìde ka ẹsẹ Bíbélì. Ṣùgbọ́n mo dìde. Mo na ọwọ́ mi sókè, ìka márààrún, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Mo kà á láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín ní èdè wa, mo sì tún un kà ní tiwọn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo bi onítọ̀hún pé ọjọ́ wo ni Jésù kú. Ó ní Ẹtì. Mo ní ọjọ́ wo ló jíǹde. Ó ní Àìkú. Mo ní ẹ̀yin náà sì ń pè é ní ọjọ́ kẹta nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín láti ayébáyé. Bí Dáníẹ́lì bá bá yín kà á, ọjọ́ Mọ́ńdè ni, àwọn obìnrin ì bá dé ibojì ní Àìkú kí wọ́n bá a ní títì. Mo ní ìyá mi kò ṣi ọjọ́ kà. Ìyá mi mọ ọjọ́. Ohun tí ìyá mi ṣì ṣe ni pé wọ́n gbà mí gbọ́.

Olùkọ́ bi Dáníẹ́lì bóyá ó pe àwọn tó ń lo áàpù náà kí ó tó yí ìdáhùn padà. Ó ní rárá. Ó wá yí sí mi. Ó ní orúkọ ẹni tó yí ìbéèrè wà lákọsílẹ̀ ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tó tẹ ìyọ̀ǹda náà sì wà níbẹ̀. Ta ni? Mo ní èmi ni. Ó ní:

"Ẹ̀rọ yìí kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ kọ́ ọ ní irọ́."

Ó gba máàkì wa padà títí a ó fi tún un ṣe. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì, Dáníẹ́lì ra tíì gbígbóná fún mi. Mo mu ún torí òtútù, mi ò sì tíì dárí jì í. Mo sọ fún un pé kí ó lọ ka ọjọ́ lórí ìka tirẹ̀. Ó kà á níwájú mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ń ṣì í ní ìka kejì, títí ó fi dé ọmọńdinrín tó bọ́ sí Ẹtì. Ìgbà yẹn ni a jókòó, tí a dá kíkà náà padà sí ti Ìkòrò, tí òun sì tẹ ìyọ̀ǹda lé e. Mo sì fi ohun kan kún un, èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ fetí sí.

Láti òní lọ, bí ẹ̀rọ níbí bá tilẹ̀ fi àwọ̀ ewé hàn ní gbogbo ọ̀nà, àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní lọ sọ́dọ̀ Wàsíù mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ní ilé gàrí fi ìka ara rẹ̀ kà á, kí ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìkòrò ni ìdánwò tó kẹ́yìn yóò ti máa wáyé. Kò sí ọmọ yunifásítì tó lè fò ó. Mo sì fi í sábẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà ló yẹ kó ṣí ọ̀nà. Lónìí, fóònù ìyá mi ni.

Ẹ̀yin ìyá mi ní ilé gàrí, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ìyá Bọ́lájí, òótọ́ lẹ sọ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì í, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ tiyín. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa pe ìyá mi, ẹ gbà á padà lẹ́nu wọn. Ó dùn mí dé egungun. Gbogbo yín lẹ ní ìka lọ́jọ́ náà. Gbogbo yín lẹ kà á, tí ẹ sì rí i pé Ẹtì ni. Ẹ gba fóònù gbọ́ ju ọwọ́ yín lọ, bí èmi náà ṣe gba Dáníẹ́lì gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ. Ta ni nínú wa tó wá lẹ́nu láti ní kí ìyá mi nìkan san án? Bí ẹnì kan bá gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan, èmi ni, mo sì ti ń pàdánù rẹ̀ níbí.

Ẹ̀yin náà, Màmá mi. Mo ń sọ èyí lórí eékún. Ẹ má ṣe bò mí mọ́. Bí mo bá ṣe ohun tó bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi tí mò ń kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń pariwo bí nǹkan bá bàjẹ́, ìyá mi ló wá fi àwọ̀ ewé hàn mí ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí gbogbo inú wọn jẹ́ pupa. Ó bí mi nínú ju ohun tí Dáníẹ́lì ṣe lọ. Mo sunkún nítorí rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá mi sì rò pé ìyẹ̀fun ló kó sí mi lójú.

Ìṣẹ́gun tí ẹ jókòó sílé ni àtàǹpàkò. Ọjọ́rú ti lọ. Òní Ọjọ́bọ̀ ni ìka àárín. Ọ̀la Ẹtì ni wọn yóò jókòó lé yín lórí. Àbámẹ́ta lọjà. Nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, fóònù yín yóò dún láàárín wọn. Yóò bi yín pé ṣé Àbámẹ́ta ni. Ẹ má sá wọ yàrá. Ẹ má gbé ọwọ́ yín sábẹ́ ìró. Ẹ nà án sókè bí mo ṣe na tèmi lónìí, ẹ kà á kí gbogbo wọn gbọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ létí ìró yín.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ohun gbogbo ti pé lójú kọ̀ǹpútà mi, àfi ìlà kan tó gbẹ̀yìn, tó ṣì pupa. Kò sí ohun tó ṣe é. Ìka yín ló ń dúró dè.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a pè yín ní orúkọ tí ẹ kò jẹ́ mọ́. Kí àgbagbà yín máa pọ́n lójú ọjà, kí ata yín má rọ̀ lábẹ́ tapólì. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Wàsíù ní Ìlogbò pé mo gbọ́ oore tó ṣe. Ẹ kí Ìyá Bọ́lájí náà, tọkàntọkàn.

Èmi tó ń kà á láti òní,
ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé.